Àtúnṣe mọ́dábọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù nílé

Àtúnṣe mọ́dábọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù nílé ni iṣẹ́ wíwá àbùkù rí lára pátákó iná tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà alágbèéká so mọ́, àti títún àbùkù náà ṣe láìjẹ́ pé a dá kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Mọ́dábọ́ọ̀dù, tí àwọn oníṣẹ́ ń gé kúrú sí bọ́ọ̀dù, ló ń gba iná lọ́wọ́ ṣájà àti bátìrì, òun ló sì ń pín in fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ìrántí rẹ̀, ojú rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ àti fáànù rẹ̀. Ní Ìbàdàn, iṣẹ́ yìí wọ́pọ̀ ní àwọn àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì pọ̀ sí: Agbowó tó dojú kọ ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, Bódìjà, Dùgbẹ̀, Ring Road àti Challenge.

Gbólóhùn tí ẹni tó gbé láptọ́ọ̀pù lọ fún àtúnṣe máa ń bẹ̀rù jù ni “bọ́ọ̀dù ti lọ.” Bọ́ọ̀dù mìíràn lè gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi sún mọ́ iye tí wọ́n ń ta láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ lódindi, iṣẹ́ àṣejáde akẹ́kọ̀ọ́ sì lè wà nínú kọ̀ǹpútà náà ní ọ̀sẹ̀ tó yẹ kó fà á lé olùkọ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú bọ́ọ̀dù tí wọ́n dá lẹ́jọ́ ikú kò tíì kú. Ẹyọ ohun kan ṣoṣo tí kò tó hóró ìrẹsì lè bàjẹ́ lára rẹ̀ kí gbogbo ìyókù sì wà ní pípé. Ohun tó sábà ń pa irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ pátápátá ni ooru tí wọ́n fi jó o kí ẹnikẹ́ni tó fi mítà wọn iná ara rẹ̀.

Ohun tí ń ba bọ́ọ̀dù jẹ́

Iná ìjọba tó yẹ kó wọ ilé ní Nàìjíríà jẹ́ 230 fóltì. Ṣájà tó péye lè gba iná láti 100 dé 240 fóltì, ó sì ń sọ ọ́ di nǹkan bíi 19 tàbí 20 fóltì kó tó fà á fún bọ́ọ̀dù. Nítorí náà, iná tó lọ sílẹ̀ díẹ̀, irú èyí tí gílóòbù fi ń tàn rẹ́súrẹ́sú lálẹ́, kì í sábà pa láptọ́ọ̀pù. Èyí tó léwu ni kí wáyà tí iná ń gbà padà, tí àwọn oníná ń pè ní nútírà, já lórí òpó. Iná inú ilé kan lè gòkè lọ sí ìhà 400 fóltì lójijì, kí tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì àti ṣájà inú ilé náà sì jóná pọ̀. Láti ọdún 2013 ni ilé-iṣẹ́ IBEDC ti ń pín iná ní Ìbàdàn, orúkọ NEPA sì ti kásẹ̀ ńlẹ̀ láti 2005, àmọ́ NEPA náà ni ọmọdé ṣì ń kígbe tí iná bá dé. Ìgbà tí wọ́n ń kígbe yẹn gan-an ni iná máa ń fò sókè. Ṣájà gidi yóò kú dípò bọ́ọ̀dù. Ṣájà ayédèrú lè jẹ́ kí iná náà kọjá sínú kọ̀ǹpútà.

Omi ló tẹ̀ lé iná. Tíì, ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti òjò tó gba ojú fèrèsé wọlé ni a máa ń gbọ́ jù. Kì í ṣe omi fúnra rẹ̀ ló ń jẹ bọ́ọ̀dù bí kò ṣe omi àti iná tó pàdé: níbi tí iná ti ń ṣàn nínú omi tó ní iyọ̀ tàbí ṣúgà, bàbà ara bọ́ọ̀dù yóò máa jẹrà di àwọ̀ ewé láàárín wákàtí díẹ̀. Aáyán àti ọmọńlé náà ní ẹ̀bi tiwọn. Ibi tó móoru ni wọ́n ń wá, ìgbẹ́ wọn sì lè so ẹsẹ̀ ṣíìpù méjì tí kò yẹ kó kanra pọ̀.

Nígbà ọyẹ́, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, eruku máa ń dí fáànù títí ooru yóò fi pọ̀ jù fún ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ àkókò náà tún máa ń mú kí iná kó sára aṣọ ọ̀rá àti kápẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí ń ta wá lọ́wọ́ tí a bá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn onírin. Ìtapàrà tí ọwọ́ ò tilẹ̀ mọ̀ lára ti tó láti pa ṣíìpù, ìdí nìyẹn tí oníṣẹ́ tó mọ̀wé fi ń fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kó tó mú bọ́ọ̀dù dání.

Ó tún ku ohun kan tí kò ní àmì lójú. Bí ẹni kan bá ń sọ ètò BIOS di tuntun, ìyẹn ètò kékeré tí ń jí kọ̀ǹpútà lójú oorun, tí iná sì lọ nígbà tí bátìrì kò dára mọ́, bọ́ọ̀dù náà kò ní tàn mọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó jóná lára rẹ̀.

Ìdánwò àkọ́kọ́

Láptọ́ọ̀pù tí kò tàn kì í ṣe láptọ́ọ̀pù tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ bàjẹ́. Ṣájà, ihò ṣájà, bátìrì, ojú kọ̀ǹpútà àti ìrántí RAM ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Bí fáànù bá ń yí tí ojú sì dúdú, a lè so kọ̀ǹpútà náà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú okùn HDMI. Bí àwòrán bá jáde níbẹ̀, ojú tàbí okùn rẹ̀ ló níṣòro. Bí àwòrán kò bá jáde, a yọ RAM kúrò, a fi rọ́bà tí a fi ń pa ìkọ̀wé rẹ́ nu eyín rẹ̀ tó dà bíi wúrà, a sì dá a padà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń wá bọ́ọ̀dù rà fún ló jí níbi tí a dé yìí.

Kí a tó tú ohunkóhun, a ní láti yọ ṣájà, kí a tú bátìrì kúrò lára bọ́ọ̀dù, kí a sì tẹ bọ́tìnnì ìtàn mọ́lẹ̀ fún bí ìdajì ìṣẹ́jú kí iná tó kù sílẹ̀ lè gbẹ. Nígbà mìíràn ìgbésẹ̀ yìí nìkan ti tó láti mú kọ̀ǹpútà tó há padà bọ̀ sípò. Bátìrì tó ti wú kò yẹ ní títẹ̀, gígún tàbí fífi irin yọ tagbáratagbára, nítorí iná líthíọ́mù kì í gba bùkẹ́ẹ̀tì omi kan gbọ́ kó tó jó yàrá. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tún máa ń fi iná wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́jú tàbí ìró sọ ohun tó ń ṣe é. Iye ìgbà tó ṣẹ́jú ní ìtumọ̀ nínú ìwé ìtọ́ni tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é gbé jáde.

Fífi mítà wá àbùkù

Mítà ìwọn iná, èyí tí ń fi nọ́ńbà hàn, ni ohun èlò tó ya oníṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára alápadàbà. Ṣájà ni a kọ́kọ́ ń wọn. Èyí tó ní ẹnu róbótó yẹ kó fi 19 tàbí 20 fóltì hàn. Ṣájà USB-C yàtọ̀: bí a bá wọn ẹnu rẹ̀ lásán, òdo ni yóò fi hàn, nítorí kì í tú iná jáde àfi tó bá rí kọ̀ǹpútà tó béèrè. Ṣájà rere púpọ̀ ni wọ́n ti jù nù nítorí àìmọ èyí. Mítà kékeré tí a ń fi sáàárín okùn USB-C ló wúlò níbẹ̀. Bí ó bá fi 20 fóltì hàn, kọ̀ǹpútà àti ṣájà ti gbọ́ ara wọn yé. Bí ó bá dúró sórí 5 fóltì tí kò kúrò níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àbùkù wà ní ihò ṣájà tàbí ní ṣíìpù tí ń bá ṣájà sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ṣájà ló kan bọ́ọ̀dù. Pẹ̀lú gbogbo iná ní yíyọ, a fi ẹsẹ̀ mítà kan sí etí ihò síkúrù, níbi tí iná ń gbà padà, a sì fi èkejì tọ́ àwọn kọ́ìlì ńláńlá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan ń dúró fún ọ̀nà iná kan: èyí tó ń gbé 5 fóltì, èyí tó ń gbé 3.3 fóltì, ti ìrántí tó jẹ́ nǹkan bíi 1.2 fóltì fún RAM irú DDR4, àti ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó máa ń wà ní ìhà fóltì kan. Bí ọ̀nà iná 19 fóltì tàbí ti 5 fóltì bá fi òdo óòmù hàn, ó ti ṣọ́ọ̀tì. Ti ọpọlọ kọ̀ǹpútà kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè fi óòmù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ hàn kó sì wà ní pípé, nítorí bí wọ́n ṣe dá a nìyẹn. Àwọn akọ́ṣẹ́ máa ń rí èyí, wọ́n á ní ọpọlọ ti jóná, wọ́n á sì yọ ohun tí kò ṣẹ̀.

Ohun tó sábà ń ṣọ́ọ̀tì ní ọ̀nà 19 fóltì ni kapásítọ̀ pẹlẹbẹ aláwọ̀ ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ tò síbi kan náà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀nà àtimọ èyí tó jẹ̀bi kò ju kí a fi iná kékeré, bíi fóltì kan, bọ ọ̀nà tó ṣọ́ọ̀tì náà láti inú ẹ̀rọ tí a lè dín iná rẹ̀ kù, kí a sì da ọtí isopropyl díẹ̀ sójú bọ́ọ̀dù. Ibi tí ọtí náà bá ti kọ́kọ́ gbẹ ni ooru wà, ohun tó sì móoru níbẹ̀ ni a óò yọ. Iná tí a fi bọ̀ ọ́ kò gbọdọ̀ ju iye tí ọ̀nà náà ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi 19 fóltì bọ ọ̀nà ọpọlọ ti pa kọ̀ǹpútà náà. Nítorí pé àwọn kapásítọ̀ náà pọ̀ níbẹ̀, láptọ́ọ̀pù lè tàn padà pẹ̀lú ẹyọ kan tó dín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fífi òmíràn tó bá a mu rọ́pò rẹ̀ ló dára jù. Bí àbùkù kò bá hàn lọ́nà yìí, àwòrán ìlà iná bọ́ọ̀dù náà ni a ní láti wá. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe kọ̀ǹpútà kì í sábà gbé e síta. Àwọn oníṣẹ́ ló ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù.

Bọ́ọ̀dù tó mu omi

Ìrẹsì kì í wo bọ́ọ̀dù tó mu omi sàn. Àṣà kíkó láptọ́ọ̀pù tàbí fóònù sínú àpò ìrẹsì ti tàn káàkiri ayé, àmọ́ ìrẹsì kò lè fa iyọ̀ àti ṣúgà tó ti lẹ̀ mọ́ abẹ́ ṣíìpù, ọjọ́ méjì tí a sì fi ń dúró dè é ni bàbà fi ń jẹrà. Ohun tó tọ́ ni kí a yọ ṣájà lójú ẹsẹ̀, kí a pa kọ̀ǹpútà, kí a dojú rẹ̀ délẹ̀, kí a sì tú bátìrì ní kíá. Kí a má ṣe tàn án láti wò ó bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ìwò yẹn ló ń pa á jù.

Lẹ́yìn èyí ni a óò tú bọ́ọ̀dù jáde, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ àti ọtí isopropyl tó mọ́, èyí tó lé ní ìpín 90 nínú ọgọ́rùn-ún, fọ ọ́ títí àwọ̀ ewé náà yóò fi lọ. Èyí tí wọ́n ń tà ní ìpín 70 ní ilé ìtajà oògùn ní omi púpọ̀ nínú, ó sì gba àkókò kó tó gbẹ. Bí ohun mímu náà bá ní ṣúgà, omi tí kò ní iyọ̀ ni a kọ́kọ́ fi ń fọ̀ ọ́, nítorí ọtí kì í yọ́ ṣúgà dáadáa. Oòrùn ọ̀sán Ìbàdàn lè gbẹ bọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ fáànù tó ń fẹ́ sí i fún wákàtí púpọ̀ ló dára jù.

Òjé àti ooru

Òjé tí a fi ń lẹ ẹ̀yà iná mọ́ bọ́ọ̀dù, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní léèdì, pín sí oríṣi méjì. Èyí tó ní òjé gidi nínú ń yọ́ ní 183 ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ̀sì. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2006, òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fi òdiwọ̀n tó lekoko lé òjé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iná tí wọ́n bá tà níbẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ àgbáyé sì gba òmíràn tí ń yọ́ ní nǹkan bíi 217. Ìyàtọ̀ náà dà bí ohun tí kò tó nǹkan, àmọ́ òun ló fà á tí irin ìyọ́-òjé olówó pọ́ọ́kú kì í fi lè tú ohunkóhun lára bọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù. Àwọn bàbà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ inú bọ́ọ̀dù ń fa ooru náà lọ kó tó dé ibi tí a fẹ́. Àwọn oníṣẹ́ máa ń yọ́ òjé àtijọ́ díẹ̀ mọ́ ti tuntun kí ó lè tètè rọ̀, ọgbọ́n tó sì dára ni.

Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná, tí wọ́n ń pè ní bílówà, ló mú orúkọ burúkú bá iṣẹ́ yìí. Ìtàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí àbùkù kan pàtó. Ní oṣù Keje ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ NVIDIA kéde pé òun ya owó tó wà láàárín mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí ṣíìpù àwòrán inú láptọ́ọ̀pù tó ń bàjẹ́ nítorí ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ. Láptọ́ọ̀pù HP, Dell àti Apple wà lára àwọn tó kàn, irú láptọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ sì wọ ọjà tòkunbọ̀. Àwọn oníṣẹ́ káàkiri ayé rí i pé bí a bá fi ooru jó ṣíìpù náà, yóò tàn padà. Yóò tàn fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni, nítorí inú ṣíìpù fúnra rẹ̀ ni ìsopọ̀ ti là, kì í ṣe òjé abẹ́ rẹ̀. Àmọ́ àṣà náà dúró. Títí di òní, àwọn kan wà tí wọ́n ń jó bọ́ọ̀dù èyíkéyìí tí kò bá tàn, àwọn mìíràn sì ń kó o sínú àdògán tí wọ́n fi ń yan àkàrà òyìnbó. Ooru bẹ́ẹ̀ a máa tẹ bọ́ọ̀dù kọrọ, a máa yọ́ àwọn ihò okùn rẹ̀, a sì máa jẹ́ kí àbùkù kan di mẹ́wàá tí oníṣẹ́ tó bá kàn kò ní lè tọ́ka sí.

Èéfín tó ń jáde níbi ìyọ́-òjé kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, òjé fúnra rẹ̀ sì jẹ́ májèlé fún ọmọdé ní pàtàkì. Ní Zamfara ní ọdún 2010, òjé inú erùpẹ̀ wúrà pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé. Òjé tí a ń lò nídìí láptọ́ọ̀pù kéré jọjọ sí ìyẹn, àmọ́ kò yẹ kí tábìlì tí a ti ń yọ́ òjé jẹ́ tábìlì oúnjẹ, ó sì yẹ kí a fọ ọwọ́ kí a tó gbé ọmọ.

Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ohun tó wà nínú láptọ́ọ̀pù níyì ju láptọ́ọ̀pù lọ. Bí àkọsílẹ̀ bá wà lórí háàdì dísìkì tàbí SSD tó ṣeé yọ, ó yẹ kí a yọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan, kí a fi àpótí USB kékeré so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn, kí a sì da gbogbo rẹ̀ kọ. Oníṣẹ́ tí kò bá gbà kí a ṣe èyí kò yẹ ní fífọkàn tán.

Àwọn mìíràn kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Windows òde òní, àkọsílẹ̀ ti wà ní títì pẹ̀lú BitLocker, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú ṣíìpù ààbò tó wà lára bọ́ọ̀dù. Bí a bá pa bọ́ọ̀dù dà, kọ̀ǹpútà yóò béèrè kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà tó ní nọ́ńbà 48, èyí tó sábà máa ń wà nínú àkántì Microsoft ẹni tó ni ín. Nínú àwọn MacBook tó ní ṣíìpù T2, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018, ibi ìpamọ́ náà ti lẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, ṣíìpù náà ló sì ń tú u. Níbẹ̀, bọ́ọ̀dù mìíràn kò lè gba àkọsílẹ̀ là. Àfi kí a tún èyí tó bàjẹ́ ṣe títí yóò fi tàn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan.

Ibi tí iṣẹ́ ilé parí sí

Fífọ bọ́ọ̀dù, wíwọn iná, pípa ihò ṣájà dà, yíyọ kapásítọ̀ tó ṣọ́ọ̀tì àti pípa ìpara tí ń gbé ooru ọpọlọ dà kò kọjá agbára akẹ́kọ̀ọ́ tó ní sùúrù. Kíkọ ètò BIOS padà sórí ṣíìpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ náà ṣeé ṣe nílé pẹ̀lú ẹ̀rọ kékeré CH341A, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rọ yìí ń fi 5 fóltì ránṣẹ́ sí ṣíìpù tí ń lo 3.3, ṣíìpù tuntun mìíràn sì ń lo 1.8 péré, ẹni tí kò bá yẹ nọ́ńbà ara ṣíìpù wò yóò jó o. Ètò tó wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dà kọ pamọ́, nítorí nọ́ńbà ìdánimọ̀ kọ̀ǹpútà wà nínú rẹ̀. Yíyọ ọpọlọ tàbí ṣíìpù tó ní òjé róbótó lábẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ilé rárá. Ó gba ẹ̀rọ tí ń gbóná láti ìsàlẹ̀ àti láti òkè, ó sì gba iná tí kì í lọ láàárín iṣẹ́, tó túmọ̀ sí ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ tó dúró ire.

Nígbà náà ni ọjà wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé àti ìtúnkọ̀ǹpútà-ṣe ní Agbowó gba iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù. Dùgbẹ̀ àti agbègbè Queen Cinema ni a ti ń rí ẹ̀yà ara rà, tuntun àti èyí tí wọ́n tú lára bọ́ọ̀dù mìíràn. Ohun tí kò bá sí ní Ìbàdàn, ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà ní Èkó ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ rà á, ọkọ̀ èrò a sì gbé e wá sí Challenge. Ẹni tó bá mú mítà lọ́wọ́, tó sì lè sọ fún oníṣẹ́ pé “ọ̀nà 19 fóltì ló ṣọ́ọ̀tì, ti 5 fóltì wà ní pípé,” kì í sábà gbọ́ iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ní “kò kàn tàn mọ́ ni.”

Bọ́ọ̀dù tí kò ṣeé tún ṣe

Ìwádìí tí àjọ Basel Action Network gbé jáde ní ọdún 2005 sọ pé nǹkan bíi 500 kọ̀ǹtéénà ẹ̀rọ àlòkù ló ń gúnlẹ̀ sí Èkó lóṣooṣù, àti pé ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun inú wọn tí kò ṣeé tún ṣe tàbí tà. Yunifásítì Ìbàdàn ló gba ibùdó Àdéhùn Basel fún ilẹ̀ Áfíríkà lálejò, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladele Osibanjo tó jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì níbẹ̀ sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ̀wé lórí ewu ìdọ̀tí ẹ̀rọ iná ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2011, ìjọba àpapọ̀ gbé òfin jáde lórí ẹ̀ka ẹ̀rọ iná, tó wà ní ìkáwọ́ àjọ NESREA. Bọ́ọ̀dù tí a bá sun lórí ààtàn nítorí bàbà rẹ̀ ń tú òjé àti èéfín olóró sílẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kì í sábà sun ún; wọ́n a máa kó o jọ sábẹ́ tábìlì, kí wọ́n lè máa yọ kapásítọ̀, kọ́ìlì àti ihò ṣájà ara rẹ̀ fún bọ́ọ̀dù tó ń bọ̀.